Láti Orí Wolé-wolé Dé Yunifásítì: Ìtàn Iṣẹ́ Ìlera Àyíká Láàrin Wa

Ìtàn àwọn ọba wa, ìtàn ogun àti ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ dé síbí ni a máa ń kà jù nínú ìwé ìrántí bí irú èyí. Ti èmi yàtọ̀ díẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ sọ, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sì lọ́wọ́ nínú bí a ṣe pín ilẹ̀ tí a ń gbé yìí fún àwọn bàbá wa. Iṣẹ́ wolé-wolé ni.

Orúkọ náà kò ní kọ́lọ́fín nínú: ẹni tó ń wo ilé kiri ni. Àwọn Haúsá ń pè é ní duba-gari, ẹni tó ń wo ìlú. Lónìí, orúkọ tí òfin mọ̀ ọ́n sí ni environmental health officer, òṣìṣẹ́ ìlera àyíká, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ti dé ibi tí ènìyàn fi lè gba oyè ìkejì àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sọ nílé pé ohun tí òun fẹ́ kà nìyẹn, ohun tí bàbá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Wolé-wolé kẹ̀? Ṣé kì í ṣe dókítà la sọ pé o máa ṣe?" Ìbéèrè bàbá náà kò burú, torí owó ilé ìwé kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn dá a lóhùn.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba ńlá wa kò gbé nínú èérí. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ààtàn tirẹ̀, obìnrin ilé a sì ti gbálẹ̀ kí ojú tó mọ́ tán. Ibi tí a ti ń pọn omi mímu lódò kì í ṣe ibi tí a ti ń fọṣọ. Ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá mú, wọn a gbé e kúrò láàrin èrò. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́, àwọn kan wà tó ń fi àrùn náà jẹun. Dókítà Ògúntólá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown ní 1861, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná láìjẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí òun jẹ́. Ohun tó jábọ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn ń mọ̀ọ́mọ̀ tan àrùn náà kálẹ̀ kí wọ́n lè jogún ẹrù òkú. Ìròyìn rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n ìwádìí lépa àrùn láàrin wa, Sàpárà ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹ̀fọn àti ilẹ̀ Sabon Gari

Ní 1897 ni Ronald Ross, dókítà ọmọ ogun òyìnbó kan ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Kí ó tó dìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ burúkú láti inú àbàtà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń fa ibà. Ìwádìí yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1902. Ọdún 1899 ni William MacGregor di gómìnà Èkó, dókítà ni òun náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ Ross yẹ̀ wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi àbàtà kúrò. Ojú omi tí wọ́n gbẹ́ láàrin Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, MacGregor Canal. Ó ní kí wọ́n máa pín kuiníìnì, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ènìyàn nípa ẹ̀fọn. Àwọn ìyáàfin Èkó náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti bá a ṣe iṣẹ́ yìí láti ilé dé ilé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àwọn onímọ̀ kan nígbà náà sọ pé ara àwọn ọmọdé aláwọ̀ dúdú ni kòkòrò ibà pọ̀ sí, ara wọn ni ẹ̀fọn sì ti ń gbé e lọ fún òyìnbó. Nítorí náà, kí ìjọba ya ilé òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò nítòsí ilé ọmọ ìbílẹ̀. MacGregor kò gbà. Lójú tirẹ̀, àrùn tó ń pa gbogbo ìlú, gbogbo ìlú ni kí á jọ tọ́jú. Bí ó ti kúrò ní Èkó ní 1904, ọ̀rọ̀ yí padà. Lugard, tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, fara mọ́ ìyàsọ́tọ̀. Òfin Township ti 1917 pín àwọn ìlú sí ipò kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta, wọ́n sì ní kí ilẹ̀ tí kò ní ilé, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 440 yáàdì, bíi mítà 400, wà láàrin àdúgbò òyìnbó àti ti ọmọ ìbílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi gbe ìwọ̀n náà lẹ́sẹ̀ ni pé ẹ̀fọn kò ní fò kọjá ibẹ̀. Nǹkan ìyanu ni pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń se oúnjẹ fún òyìnbó, àárín ọgbà òyìnbó náà ni wọ́n ń sùn.

Nígbà tí reluwé dé Kánò ní nǹkan bí 1911 sí 1912, àwọn akọ̀wé, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti Gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Kì í ṣe pé Yorùbá kò tíì sí ní Kánò tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ níbí ń gbé inú odi ìlú, ní Ayagi, wọ́n sì ti di ọmọ onílé. Ṣùgbọ́n àwọn tí reluwé gbé wá, wọn kò fún wọn láyè nínú odi, wọn kò sì fún wọn láyè ní àdúgbò òyìnbó. Sabon Gari, ìlú titun, ni wọ́n là sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀fọn nìkan kọ́ ló fà á. Ìjọba kò fẹ́ kí àṣà àti ẹ̀sìn àwọn àlejò da ètò tí wọ́n ti bá ọba ìlú ṣe rú. Síbẹ̀, èdè ìlera ni wọ́n máa ń fi ṣàlàyé ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri. Ẹ rántí pé irú nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀ nílé: ní 1916 ni wọ́n la Sábó sílẹ̀ fún àwọn Haúsá ní Ìbàdàn. Bí wọ́n ti ṣe fún wọn lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ṣe fún wa lọ́dọ̀ wọn.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí yóò rí i pé ìmọ̀ ìlera àyíká kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ lásán. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ náà lọ́wọ́ ló ń sọ ibi tí àwọn mìíràn yóò máa gbé.

Sámáǹsì àti tanwíjí

Àwọn wolé-wolé fúnra wọn, ọmọ wa ni púpọ̀ nínú wọn. Wọn a wọ káákì, wọn a dé fìlà, wọn a gbé ìwé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá wọlé, wọn a ṣí àmù wò bóyá tanwíjí ń jó nínú omi, wọn a wo ṣáláńgá, wọn a wo ẹ̀yìnkùlé fún agolo tí omi dúró sí, wọn a fi ojú wọn iye ẹni tó ń sùn nínú yàrá kan. Ẹni tí wọ́n bá rí tanwíjí nílé rẹ̀, sámáǹsì ló kàn, ẹ̀yìn ìyẹn ni kóòtù àti owó ìtanràn. Ní ọ̀nà mìíràn, àwọn náà ló ń ṣètò àwọn agbépòó tó ń kó ìgbẹ́ lóru, àwọn ló ń yẹ ẹran wò ní ọ̀dọ̀ alápatà, àwọn ló sì ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára ilẹ̀ gbígbóná. Ìyá wa ẹlẹ́ran àti ẹlẹ́kọ ń sá fún wọn bí ìgbà tí ọmọ adìyẹ bá rí àṣá. Àwọn kan nínú wọn sì fi ìbẹ̀rù náà jẹun, a kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ohun tó ba orúkọ iṣẹ́ náà jẹ́ nìyẹn títí di òní.

Ẹni tó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, tí wọ́n bí ní 1892. Ó wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tó wọ King's College ní Èkó nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1909, ó gba oyè dókítà ní Glasgow ní 1918, lẹ́yìn náà ló tún padà lọ gba ìwé ẹ̀rí ìlera àwùjọ. Ẹ wò ó dáadáa: ó ti di dókítà tán kó tó padà lọ kọ́ ìmọ̀ ìlera àwùjọ. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di igbákejì ọ̀gá ìlera ìlú Èkó.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tó ń ti ara eku wá bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Eégbọn ara eku ló ń gbé e, ilé tó há mọ́ra wọn tí ìdọ̀tí sì kún inú rẹ̀ ló fún eku láyè. Olúwọlé tún ètò àyẹ̀wò èbúté ṣe kí eku inú ọkọ̀ má baà máa sọ̀ kalẹ̀ wọ̀lú, ó jí ètò ìlera àwọn ọmọ ilé ìwé dìde, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn wolé-wolé sílẹ̀ ní Yaba, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láti gbogbo ẹkùn orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, ó sì dé Kánò níbí.

Àrùn eku náà ló bí ilé iṣẹ́ Lagos Executive Development Board ní 1928. Ó tún Yaba ṣe, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló wó àárín Èkó láti 1955, tó kó àwọn onílé lọ sí Sùúrùlérè, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì pàdánù ọjà wọn torí ibi tuntun náà jìnnà. Orúkọ ìlera náà ni wọ́n tún fi ṣe é. Ẹ̀kọ́ ló yẹ kí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó bá ń wọ inú iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn òmìnira

Onígbáméjì wọ Nàìjíríà láti ìhà Èkó ní òpin ọdún 1970, ọdún yẹn kan náà ni ilẹ̀ gbígbóná tán ní orílẹ̀-èdè wa. Bí ọ̀kan ti ń lọ ni èkejì ń wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè lé ilẹ̀ gbígbóná lọ, ṣùgbọ́n omi mímọ́ àti ṣáláńgá tó dára ni onígbáméjì ń bẹ̀rù. Ní 1991, ó pa ju ẹgbẹ̀rún méje ènìyàn lọ ní Nàìjíríà.

Àwọn ológun rò pé pàṣán ni yóò yanjú rẹ̀. Ẹ rántí War Against Indiscipline ti 1984, àti Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí gbogbo ènìyàn ń tilẹ̀kùn mọ́ ara wọn láti gbálẹ̀. Gọ́tà mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n pàǹtírí tí a kó sí etí títì, ẹni tí yóò wá kó o kì í dé, òjò a sì tún gbá a padà sínú gọ́tà. Èkó pa ètò náà tì ní 2016 lẹ́yìn ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti rìn.

Ohun tó yí iṣẹ́ yìí padà pátápátá ṣẹlẹ̀ ní Koko, ìlú kékeré kan létí odò ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Láàrin 1987 àti 1988, ọkọ̀ òkun kó májèlé ilé iṣẹ́ láti Ítálì wá síbẹ̀, tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tọ́ọ̀nù. Ọgbà ilé ẹnì kan ni wọ́n yá fún ₦500 lóṣù láti kó o sí, inú àgbá ni ó wà, oòrùn ń pa á, àgbá ń bẹ́. Kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀wé sílé. Ariwo bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 1988. Ìjọba fipá mú kí wọ́n kó ẹrù wọn padà, ó ṣe òfin tó ka kíkó májèlé wọ̀lú sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ó sì dá FEPA sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ní 1989, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Basel lórí kíkó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kọjá ẹnubodè. Ìbàdàn ni ibùdó àdéhùn náà fún ilẹ̀ Áfíríkà wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Òṣíbànjọ, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ló darí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àmù àti ìgbálẹ̀ nìkan. Òfin 1992 ní kí ilé iṣẹ́ ńlá má bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ohun tí yóò ṣe fún àyíká wò. Ní 2002, òfin dá ìgbìmọ̀ EHORECON sílẹ̀, pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ti dókítà àti nọ́ọ̀sì.

Ìtàn kan wà tí kò jìnnà sí wa rárá. Ní oṣù kẹta 2010, àwọn dókítà MSF gbọ́ ní Zamfara pé àwọn ọmọdé ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀, gìrì a mú wọn kí wọ́n tó kú. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, òjé ni. Owó wúrà ti lọ sókè, àwọn ará abúlé ń wa òkúta wúrà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé, òjé sì pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀. Ní abúlé Dareta àti Yargalma, nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ló kú láàrin ọdún kan, gìrì sì mú 82 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Lápapọ̀, ọmọ tó kú ní ìpínlẹ̀ náà ju 400 lọ. Oògùn nìkan kò lè wò ó, torí bí ọmọ bá gba ìtọ́jú tán tó sì padà sínú eruku kan náà, òjé yóò tún wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àfìgbà tí wọ́n há ilẹ̀ inú ọgbà kúrò, tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ tó mọ́ dí i, láti ilé dé ilé, láti abúlé dé abúlé. Bagega, tó tóbi jù, kò rí ìtọ́jú títí di 2013.

Bí bàbá bá bèèrè ohun tí oníṣẹ́ ìlera àyíká ń ṣe tí dókítà kò lè ṣe, ẹ sọ ti Zamfara fún un.

Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan gba ilé ẹ̀kọ́ ìlera bí ti Kánò tàbí Ẹlẹ́yẹlé, láti ibẹ̀ dé HND àti ìforúkọsílẹ̀. Èkejì gba yunifásítì. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka Environmental Health Sciences wà lábẹ́ Faculty of Public Health, oyè ìkejì tí wọ́n ń pè ní MPH sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ka kẹ́mísìrì, ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, jọ́gíráfì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ lè gba ibẹ̀ wọlé, kò dìgbà tó bá jẹ́ dókítà. Èyí ṣe pàtàkì fún ọmọ tí JAMB kò jẹ́ kó rí Medicine kà. Kì í ṣe pé ọ̀nà ti dí mọ́ ọn láti máa gba ẹ̀mí là.

Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀? Ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń wò, owó oṣù ibẹ̀ kò sì dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò omi wà, ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ wà, Port Health ní pápákọ̀ òfuurufú àti èbúté wà, àwọn ilé iṣẹ́ epo ń gba irú wọn, UNICEF àti WHO náà ń gbà wọ́n. Ìwádìí sì wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas, tó kú ní 2020, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìdènà àrùn ní Ìbàdàn kó tó di olùdarí àkọ́kọ́ ètò ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru ti WHO ní 1976. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Ògúnṣèìtán kàwé ní Ifẹ̀ kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Tennessee. Yunifásítì California ní Irvine ló ti ń ṣiṣẹ́ lórí òjé àti májèlé tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù, irú èyí tí wọ́n ń kó wá sí Alábà lójoojúmọ́.

Ẹ má rò pé ìwádìí ńláńlá nìkan ni. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Olópàdé ti Yunifásítì Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín aboyún 324 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù ethanol, apá kejì ń bá igi ìdáná tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2017, ẹ̀jẹ̀ ríru mú bíi mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń fi igi àti kẹrosíìnì dáná, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo ethanol. Ìyá tó ń dáná nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èéfín kò dára, ṣùgbọ́n nísinsìnyí, iye wà tí a lè gbé síwájú ìjọba.

Ti òkèèrè wọ́n lówó, kí òbí má tìtorí orúkọ ilé ìwé ta ilé. Ní Britain àti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí ní ọlá ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọ̀hún ní ìdánwò tirẹ̀, oyè ìkejì nìkan kì í sáábà tó. Kí ọmọ bèèrè èyí kó tó san kọ́bọ̀.

Fún àwọn tó máa dúró, iṣẹ́ wà nílẹ̀ ní àdúgbò wa. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, ó kéré tán. Plọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni a mọ̀ mọ́ ilé wa. Bí kànga bá wà ní ìpẹ̀kun kan tí ṣáláńgá sì wà ní ìpẹ̀kun kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìlànà mu, àmọ́ ṣáláńgá aládùúgbò wà lẹ́yìn ògiri kànga náà gan-an. Ọmọ wa kan tó bá ń wá ohun tí yóò kọ ìwé oyè ìkejì rẹ̀ lé lórí lè gba omi kànga láti òpópónà kan sí òmíràn, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti nígbà òjò, kí ó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Àwọn onílé níbí yóò ṣílẹ̀kùn fún un, bí ó bá ti sọ pé òun kò mú sámáǹsì lọ́wọ́.